Bàbá Tí Wọ́n Ní Kó Lọ Sinmi

Ọkùnrin kan wà tí jàbùtẹ̀ mú lẹ́sẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ náà wú bí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní bàbá àwọn ti ṣiṣẹ́ tó, kí ó lọ sinmi. Wọ́n kọ́ ahéré kan fún un lẹ́yìn ilé, níbi tí àlejò kì í gbà. Wọ́n á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, wọ́n á sì tètè padà. Ìwọ náà mọ irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn, ó ní kí ó máa fi omi àti ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ náà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n ń gbé wá kò ju èyí tí ó máa mu lọ, ojú sì ń tì í láti béèrè sí i. Bí nọ́ọ̀sì bá bi í bí ara ṣe rí, á ní, "Òkú ni mí, ọmọ mi. Sísin ló kù." Nígbà tó yá, ó pa oògùn tì.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ìjì ṣí òrùlé ahéré náà. Àwọn ọmọ gbé bàbá wá sí ọ̀ọ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, níbi tí wọ́n ti ń gé èbù iṣu tí wọ́n fẹ́ gbìn. Bàbá wò wọ́n títí, kò lè mú un mọ́ra.

"Ìgékúgé wo nìyí? Èbù tí kò léèpo, báwo ni yóò ṣe hù? Ẹ mú ọ̀bẹ wá!"

Ó gé èbù títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó ń kọjá ń kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá." Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kí i bẹ́ẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó bu omi fúnra rẹ̀, ó fọ ẹsẹ̀. Kò padà sí ahéré mọ́.

Nọ́ọ̀sì tún dé. Bàbá ní, "Ara le, a dúpẹ́." Nọ́ọ̀sì fi okùn wọn ẹsẹ̀ náà, kò tíì fọn rárá. Ó rò pé bàbá ń ṣàwàdà.

Bàbá ní, "Ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ènìyàn laṣọ, mo sì ti rí tèmi wọ̀. Fún mi ní oògùn mi."

Má ṣì mí gbọ́ o, n kò ní kí o da oògùn nù. Ṣùgbọ́n o wá bi mí pé kí ló dé tí ìyá rẹ ṣì ń sọ pé ara òun kò yá, nígbà tí dókítà ti ní ẹ̀tẹ̀ tó mú un ti tán lára rẹ̀. O tún fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn. Ta ló ń bá a jẹun? Ife tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún un, ta ló tún ń fi mumi?

Máa lọ sílé. Fi ife náà bu omi mu níṣojú rẹ̀, kí o tó bi í bí ara rẹ̀ ṣe rí.