Lálónpé Amọ̀kòkò àti Ọ̀rọ̀ Àtẹ́lẹwọ́

Ní ayé ìgbà náà, ẹni tó bá gbin iṣu ní Ìdó-Àpáta kì í búra pé òun ni yóò wà á. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, tí odò Àwẹ̀dè bá fà débi pé kò ju orúnkún lọ, àwọn akónilẹ́rú á sọdá lórí ẹṣin. Ààbò kan ṣoṣo tí ìlú ní ni ihò ńlá kan nínú àpáta tó wà lẹ́yìn ilé. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn biribiri, ó sì gba gbogbo ìlú. Bí wọ́n bá ti rí eruku ẹṣin, tọmọdé tàgbà á gòkè, wọn á wọlé, wọn á sì dákẹ́. Ìdákẹ́ ni odi wọn. Wọn kò ní òmíràn.

Ọdún kan wà tí odi yìí wó. Ọmọkùnrin kan tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn ké nínú ihò lọ́sàn-án gangan. Ìyá rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ létí pé kó dákẹ́, ṣùgbọ́n etí wo ni yóò fi gbọ́? Ènìyàn mọ́kànlélógún ni wọ́n dè lọ lọ́jọ́ náà. Àwọn tí kò lè rìn, wọ́n pa wọ́n. Àwọn tó ṣẹ́kù ṣe òfin: ọmọ tó bá ti kúrò lẹ́yìn ìyá, tí a kò sì lè sọ fún pé kó dákẹ́, kò gbọdọ̀ gòkè. Ìdí igi àràbà tó wà nísàlẹ̀ òkè ni wọn yóò so ó mọ́, pẹ̀lú iṣu sísè níwájú rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n ti so bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó tún dárúkọ wọn. Akínlùyí, olùṣọ́ ẹnu ihò, ni ó ń mú òfin náà ṣẹ. Kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ó ti ka mọ́kànlélógún náà bí wọ́n ṣe ń lọ.

Lálónpé ni ìyàwó Akínlùyí. Àjọkẹ́ ni oríkì rẹ̀: Àjọkẹ́, ọmọ amọ̀ tí ń la iná já, ọmọ ìkòkò tí kì í jò lójú àlejò. Kò bímọ. Ọdọọdún ló ń wo ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdí àràbà tòun ti okùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kan, ìyá àgbà kan kú, ó fi ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin sílẹ̀. Ìlọ̀rí ni orúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́fà. Etí rẹ̀ kò gbọ́, ẹnu rẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà yìí ló máa ń pọ̀n ọ́n gòkè tẹ́lẹ̀, kí òfin má baà mú un. Gbogbo ènìyàn mọ ibi tí yóò wà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lálónpé lọ mú un lọ́wọ́, ó mú un wá sílé.

Ìṣẹ́jú kan kò gbọdọ̀ ṣòfò. Odò ṣì kún, ṣùgbọ́n yóò fà. Lálónpé rò ó pé nínú òkùnkùn ihò, ojú kò ní rí ọwọ́ tí a bá jù. Nítorí náà, inú àtẹ́lẹwọ́ ló kọ ọ̀rọ̀ sí. Bí oúnjẹ bá jinná, á fi orí ìka kan àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá fẹ́ kó dákẹ́, á pa ìka ọmọ náà dé. Bí ènìyàn bá ń bọ̀, á fi ìka méjì rìn nínú rẹ̀. Bí ìkòkò bá là, á fi èékánná fa ìlà kọjá. Oṣù méjì ló fi ṣe é. Ìlọ̀rí a máa gé e jẹ. Àpá eyín rẹ̀ wà ní ọrùn ọwọ́ Lálónpé bí ìlẹ̀kẹ̀.

Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa amọ̀.

“Ìyàwó Akínlùyí, ẹ kú làálàá o! Òkúta tí ẹ̀ ń kọ́ lórin, ṣé ó ti ń gbè?”

“Ẹ jẹ́ n gbọ́ tirẹ̀ ná,” Lálónpé dáhùn. “Tiyín tí mo ti ń gbọ́ láti òwúrọ̀, kò dùn.”

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n kó ìkòkò kúrò nínú iná, Ìlọ̀rí ń fọwọ́ pa wọ́n lára lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dúró lórí ọ̀kan. Ó fa ọwọ́ Lálónpé, ó sì fi èékánná fa ìlà kọjá nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Lálónpé wo ìkòkò náà yíká, kò rí nǹkan kan. Ó pọn omi sí i. Kò pẹ́, ìdí rẹ̀ ń kán tó, tó, tó. Lálónpé jókòó sílẹ̀, ó sì sunkún.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ kò tán láàárín wọn. Àwọn ọmọ agbo ilé kọ́ ọ pẹ̀lú, nítorí wọ́n rí i pé wọ́n lè fi bú àgbà níwájú àgbà. Akínlùyí nìkan ni kò fẹ́ rí i.

“Àjọkẹ́,” ó ní, “má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ rẹ lẹ̀ mọ́ ohun tí a máa tó fi sílẹ̀.”

Lálónpé sún mọ́ ọn. Ó mú ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó fi orí ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì.

“Kí nìyẹn?”

“Oúnjẹ ti jinná.”

Akínlùyí rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni Lálónpé ṣe ń pè é jẹun, ọkùnrin náà sì mọ díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ yòókù.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé kí wọ́n tó retí rẹ̀. Eruku yọ ní òdìkejì odò, ìlú sì gòkè. Akínlùyí dúró lẹ́nu ihò pẹ̀lú àdá àti okùn. Nígbà tí ó kan ìyàwó rẹ̀, ó na apá dí ọ̀nà.

“Àjọkẹ́, wọlé. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ kò wọlé.”

“Ọkọ mi, òfin yín ní ọmọ tí a kò lè sọ fún. Èyí, mo ti sọ fún un, ó sì ti dá mi lóhùn. Ọmọ mẹ́rin ni ẹ so mọ́ ìdí igi yẹn. Ta ló mú ọwọ́ wọn wò kí ó tó dè wọ́n? Bí ẹ bá máa dè é, ẹ wá okùn kejì fún èmi.”

Ohùn Baálẹ̀ ti inú ihò wá: “Akínlùyí! Wọ́n ti bọ́ sódò!”

“Bí ó bá ké ńkọ́?” Akínlùyí béèrè.

“Ọwọ́ mi yìí ni yóò bo ẹnu òun imú rẹ̀ títí yóò fi dákẹ́ pátápátá. Mo búra.”

Akínlùyí wo ọwọ́ náà pẹ̀lú àpá eyín tó wà lára rẹ̀. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ihò náà ní ojú kejì lẹ́yìn, ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n ń gbà pọn omi. Àwọn baba ńlá wọn gbé òkúta ńlá kọ́ sórí rẹ̀, wọ́n fi òpó kan tì í ní ìhà ìta, wọ́n so okùn mọ́ òpó náà wọ inú, pé bí ogun bá dé ibẹ̀, kí wọ́n fà á, kí òkúta náà lè ya dí ọ̀nà. Okùn náà ti jẹrà láti ọjọ́ pípẹ́. Kò sí ẹni tó rántí pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n ti wà nínú ihò, Ìlọ̀rí gbé ẹsẹ̀ lé àpáta, ó kíyè sí i pé ó ń gbọ̀n, ó sì mú ọwọ́ Lálónpé. Ó fa ìlà kọjá. Ó fi ìka méjì rìn. Ó na ọwọ́ náà sí ọ̀nà ẹ̀yìn. Lálónpé fi etí lé àpáta, kò gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ náà tún fa ìlà, títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Lálónpé rántí ìkòkò.

Ó tẹ ọ̀rọ̀ náà sí ọwọ́ ọmọ tó jókòó tì í, ọmọ náà tẹ̀ ẹ́ sí ọwọ́ òmíràn. Báyìí ni ó ṣe la òkùnkùn kọjá dé ọwọ́ Akínlùyí lẹ́nu ihò, láìsí ìró. Ọkùnrin náà dìde, ó ń fọwọ́ wá ọ̀nà láàárín ara ènìyàn. Ṣùgbọ́n Lálónpé kò dúró dè é. Ó rá wọ ọ̀nà tóóró náà. Ó fa okùn, okùn já sí i lọ́wọ́. Ó rí ìmọ́lẹ̀, ó sì rí orí ọkùnrin kan nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Ó gba abẹ́ òkúta kọjá sí ìta, ó fi òkúta tí ó fi ń dán ìkòkò lu òpó títí ó fi yẹ̀, ó sì yí padà láti wọlé. Kò yá tó; òkúta náà ya lé òun àti ọkùnrin náà lórí.

Àwọn akónilẹ́rú tó ṣẹ́kù gbọ́ ìró òkè tó ya. Wọn kò gbọ́ igbe ènìyàn kankan, nítorí Lálónpé kò ké. Wọ́n rò pé ọ̀nà náà kò já sí ibì kan, wọ́n padà.

Nígbà tí Akínlùyí fi máa dé ibẹ̀, apá ìyàwó rẹ̀ kan ṣoṣo ló wà ní ìhà inú. Ó dì í mú. Ọwọ́ náà pa ìka Akínlùyí dé: dákẹ́. Ó dákẹ́. Ó fi eyín di aṣọ rẹ̀ mú, ó dákẹ́. Ó pẹ́ kí ọwọ́ náà tó tún mira. Ó kó ìka Akínlùyí jọ bí ife, ó sì ki àtàǹpàkò bọ àárín rẹ̀. Akínlùyí kò mọ ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ tutù. Kò fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì tí ilẹ̀ mọ́, tí wọ́n ní ogun ti lọ.

Nígbà tí wọ́n délé, Akínlùyí kó ìka Ìlọ̀rí jọ bí ife, ó ki àtàǹpàkò bọ̀ ọ́, ó sì wo ojú rẹ̀. Ọmọ náà gbé ìkòkò kan, ó pọn omi kún un, ó gbé e sókè. Ó fi ọwọ́ nu ìdí rẹ̀, ó sì na ọwọ́ gbígbẹ náà sí i.

Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn: kò jò.

Akínlùyí fúnra rẹ̀ ló gé igi àràbà náà lulẹ̀. Ó dúró ti kùkùté rẹ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ àwọn ọmọ mẹ́rin náà níwájú àwọn ìyá wọn. Kò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ìlọ̀rí ló ń kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí oúnjẹ bá jinná.

Òkúta náà wà níbẹ̀ di òní, àlàfo kékeré sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí a bá yàn ní Baálẹ̀ Ìdó-Àpáta gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni tí kò gbọ́ràn nínú ìlú ni yóò kó ìka rẹ̀ jọ bí ife. Kí ó tó ṣe é, Baálẹ̀ kò tíì jẹ oyè. Bí ìyàwó ẹnì kan bá sì kú ní ìlú náà, wọn kì í fi ẹnu kí i. Wọ́n á wá, wọ́n á jókòó, wọ́n á di ọwọ́ rẹ̀ mú.