Fìlà Tí Kò Wọ Orí Ọmọ

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ta ni kò gbọ́ ọ rí? Àgbà fi ń pẹ̀tù sí ìjà tọkọtaya, olùkọ́ fi ń bá akẹ́kọ̀ọ́ wí. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè pé kí ni wọ́n mú gan-an, wọn á máa wo ojú ara wọn. Ọ̀kan á ní ẹyin ni, òmíràn á ní ọkọ́ ni. Àwọn ará Òkè-Ẹ̀rìn kì í bá wọn jiyàn. Lọ́dọ̀ tiwọn, fìlà wúlù ni, fìlà ọmọ tuntun, Ìyá Rẹ̀mí ló sì hun ún. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òwe náà ti wà kí wúlù tó dé ilẹ̀ yìí, kó lọ sọ ìtàn tirẹ̀.

Ìyá Rẹ̀mí kì í ta ohun tó bá hun. Ìyàwó àlùfáà kan ló kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọge, iṣẹ́ náà sì wọ̀ ọ́ lára. Bó bá ti gbé ọbẹ̀ kaná, abẹ́rẹ́ gígùn méjèèjì á ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo kì í sì í tó o. Lọ́dún tí à ń wí yìí, ṣẹ́wẹ́tà ọkọ rẹ̀ wà nílẹ̀ tó ku apá kan, ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún wà láìní ti òsì, ìbora kékeré kan sì wà tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ẹni tí yóò fi í bora.

Baba Rẹ̀mí á ní, "Ṣé apá kan ni ọyẹ́ ń mú ni?"

Òun á ní, "Ẹ ṣì máa ki ìkejì bọ àpò ná."

Ohun tí ìlú mọ̀ ọ́n mọ́ ni pé ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Tí a bá fa fìlà rẹ̀, á fà. Tí a bá fi í sílẹ̀, á padà sáyè rẹ̀. Ṣàṣà lọmọ tí kò dé e rí ládùúgbò.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí tó dúró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Rẹ̀mílẹ́kún. Nígbà tí Rẹ̀mí lọ sílé Adégòkè ọkọ rẹ̀, oyún àkọ́kọ́ wálẹ̀. Nígbà tí èkejì hàn, ó wá bá ìyá rẹ̀ kó lè rí ìtọ́jú. Láti ọjọ́ náà ni àyà Ìyá Rẹ̀mí kò ti sinmi mọ́. Gbogbo iṣẹ́ tó kù di ìpatì. Fìlà ọmọ nìkan ló gbájú mọ́, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ọmọ rẹ̀.

"Rẹ̀mí, má jókòó sẹ́nu ọ̀nà, atẹ́gùn ń fẹ́."

"Rẹ̀mí, má rìn lọ́sàn-án gangan."

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀? Rọra o!"

Bí Rẹ̀mí bá wúkọ́, ìyá á fa òwú. Bó bá pẹ́ ní balùwẹ̀, ìyá á fa òwú. Bó bá dákẹ́ láìsọ nǹkan kan, ìyẹn ló burú jù, á fà á títí òwú á fi gé e lọ́wọ́. Nígbà tí Ìyá Adégòkè wá kí wọn, ó jókòó tì í, ó tẹ́tí.

"Àna mi, abẹ́rẹ́ yín ń han o."

"Ẹ jẹ́ kó máa han. Ohun tó bá dì pinpin kì í bọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Rẹ̀mí lọ ra ata. Ìgbà tó dé, yàrá ṣófo. Ó pe Rẹ̀mí títí, kò gbọ́ ohùn. Ẹnu kànga ló kọ́kọ́ sáré lọ. Ó bẹjú wo inú rẹ̀. Omi nìkan ló rí. Ó sáré gba ojú ọ̀nà, gèlè já bọ́, kò dúró mú un. Àfi bó ṣe gbọ́ ẹ̀rín ọmọ rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àwọn Adégòkè. Rẹ̀mí nasẹ̀ síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó ń jẹ àgbàdo sísun.

"Rẹ̀mí! Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Omijé ti bọ́ lójú rẹ̀. "Mi ò lè mí nílé wa mọ́. Bí ẹ bá ti wò mí, ńṣe ló dà bíi pé ọmọ yìí ti kú. Ẹ jẹ́ n bí i síbí."

Ìyá rẹ̀ wá ohun tí yóò sọ, èyí tó rí kéré púpọ̀. "Ta ni yóò wá máa wẹ ọmọ náà?"

"Ìyá ọkọ mi á wẹ̀ ẹ́."

Ìyá Adégòkè wolẹ̀. Ìyá Rẹ̀mí yíjú padà sílé. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé eegun, nítorí ìyá ta ni kì í wẹ ọmọ ọmọ rẹ̀? Ó bínú sí àna rẹ̀, ó bínú sí Adégòkè, ó sì tún gbé abẹ́rẹ́. Ó ń hun, ó ń fà.

Ìgbà tó yá, Adégòkè wá dọ̀bálẹ̀. "Màmá, Rẹ̀mí ti bí. Ọkùnrin ni. Lánàá ni."

"Lánàá! Ẹ ò sì ránṣẹ́ sí mi?"

"Òun ló ní ká dúró, Màmá. Ó ní ìbẹ̀rù yín wúwo fún òun ju ìrọbí lọ."

Ìyá Rẹ̀mí dìde. Ó mú fìlà, ó tẹ̀ lé e. Ọmọ náà dùn ún wò. Ó dé e ní fìlà, fìlà dúró lókè àtàrí bí ọmọrí ìkòkò. Ó fà á wálẹ̀, ọmọ figbe ta.

"Orí rẹ̀ ló tóbi díẹ̀," Ìyá Adégòkè sọ, kí ojú má baà ti àna rẹ̀.

"Kò tóbi," Ìyá Rẹ̀mí fèsì. Abẹ́rẹ́ tó ń lò tẹ́lẹ̀ náà ni, òwú kan náà, iye ojú kan náà tó fi ń hun ti ọmọ gbogbo ìlú. Ó fọwọ́ tẹ fìlà náà, ó le bí ìdí agbọ̀n. Ó gbójú wo Rẹ̀mí, ó rí i pé ọmọ òun ti ká èjìká jọ, ó ń dúró de ìbáwí. Ìtìjú mú un. Ó jókòó sórí ẹní, ó wá orí òwú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

"Ìyá mi, kí lẹ ń ṣe?"

"Mo fà á jù, Rẹ̀mí."

"Fìlà náà?"

"Fìlà náà pẹ̀lú."

Ìyá Adégòkè ti gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wọlé. Rẹ̀mí gbé ọmọ náà, ó sì nà án sí Ìyá Rẹ̀mí.

"Ẹ wẹ̀ ẹ́ fún mi."

Ọṣẹ mú kí ọmọ náà máa yọ̀ lọ́wọ́. Ìka Ìyá Rẹ̀mí fẹ́ dì mọ́ ọn. Ó dẹ ọwọ́. Ọmọ náà dákẹ́, ó nara gbọọrọ lórí itan rẹ̀, ó sì tọ̀ sí i láṣọ.

"Àna mi, ọwọ́ yín mà rọ̀ o!" Ìyá Adégòkè kígbe.

Ìyá Rẹ̀mí kò gbójú kúrò lára ọmọ náà. Ó ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àna mi, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára."