Ọkọ̀ Ògúntọ́lá àti Okùn Méjì

"Ẹ bi okùn léèrè, ẹ má bi apá." Kò sí ọmọ etí odò wa tí kò gbọ́ ọ rí, pàápàá nígbà tí ẹbí bá ń jà, tí kálukú ń pariwo pé òun ṣe tòun. Ṣùgbọ́n okùn ò lẹ́nu. Kí ni èèyàn fẹ́ bi í? Ẹ jókòó, kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, láyé ìgbà tí iyanrìn kò tíì dí èbúté wa, ayé tí àárò rẹ̀ ń sọ mí títí dòní.

Ògúntọ́lá tó ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi ti ṣèlérí fún Ẹfúnyẹmí, ìyàwó rẹ̀, pé ọkọ̀ tí òun bá fọwọ́ ara òun gbẹ́ ni òun yóò fi gbé e lọ kí ìyá rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún, níbi tí ọkọ̀ kékeré kì í dé. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló ń gbẹ́ ṣáá, títí irun fi funfun lórí àwọn méjèèjì. Nígbà tó gbẹ́ tirẹ̀ tán nínú igbó, ìyá arúgbó ti ń ránṣẹ́ pé àárò ọmọ òun ń sọ òun.

Ìgbà tí odò bá kún nìkan ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè bọ́ sómi. Ẹfúnyẹmí ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ létí odò, ó ń fi ìka wọn omi lára rẹ̀ láràárọ̀.

Lọ́dọ̀ wa, èbúté tí ọkọ̀ tuntun bá ti kọ́kọ́ fẹnu kan omi ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Nítorí náà, nígbà tí odò kún, àwọn ará Ìdí-Àràbà, tí èbúté wọn wà lọ́tùn-ún, so okùn mọ́ imú ọkọ̀, wọ́n ń fà á sọ́tùn-ún. Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Ìrókò, tí èbúté tiwọn wà lósì, so okùn tiwọn, wọ́n ń fà á sósì. Ọkọ̀ mì, kò kúrò.

"Ẹ pe èèyàn sí i!" Ṣówándé, olórí àwọn Ìdí-Àràbà, ló pariwo. Wọ́n pè. Àwọn tòdìkejì náà pe tiwọn. Òógùn ń dà, orin ń dún, ọkọ̀ jókòó síbi tó wà bí ọmọ tí wọ́n ń bẹ̀ kó jẹun.

Ẹfúnyẹmí ti etí odò dé. "Ẹ̀yin ọkọ mi, omi ti fà ní ìka mẹ́rin o."

"Ìyàwó, fọkàn balẹ̀," Ṣówándé dá a lóhùn. "Ṣé o ò rí bí a ṣe pọ̀ tó ni?"

"Pípọ̀ yín ni mo rí. N ò rí ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ògúntọ́lá ò fẹ́ ṣẹ adúgbò kankan, ló bá ń wò wọ́n, omi sì ń fà. Ìgbà tí ara ò gbà á mọ́ ló so okùn méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. "Orúkọ ìyá ìyàwó mi ni ọkọ̀ yìí máa jẹ́! Iwájú ni kí ẹ fà á!"

Àwọn èèyàn kan náà ni, agbára kan náà. Ọkọ̀ sáré jáde nínú igbó. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ló bá létí odò. Omi ti lọ.

Ẹfúnyẹmí wọ inú ọkọ̀ náà lórí ẹrẹ̀. Ó gbé ẹja gbígbẹ tó ti dì fún ìyá rẹ̀ lé itan, ó kọjú sí ìsàlẹ̀ odò. Ó dun àwọn tó fa ọkọ̀ gan-an, kò sẹ́ni tó lè wò ó lójú.

Nígbà tí odò tún kún, ọkọ̀ lọ, ibojì ìyá Ẹfúnyẹmí ni wọ́n sì lọ kí. Ṣówándé wá bẹ̀ ẹ́. "Ìyàwó, gbogbo agbára wa la fi ṣe é."

"Mo mọ̀, ọkọ mi. Apá yín ò jẹ̀bi. Ẹ lọ bi okùn léèrè ibi tó kọjú sí."

Iyanrìn ti bo èbúté méjèèjì báyìí, kò sì sẹ́ni tó ń fa ọkọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ mi bá ń jà, tí wọ́n ń sọ bí àwọn ṣe gbìyànjú tó, obìnrin tó jókòó sínú ọkọ̀ lórí ẹrẹ̀ ni mo máa ń rántí. Màá ní: ẹ bi okùn léèrè, ẹ má bi apá.