Páìpù Ìkookò àti Ìkarahun Ìgbín

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ dáhùn dáadáa, ilẹ̀ ò tíì ṣú tó kẹ́nikẹ́ni máa tòògbé. Àlọ́ mi dá lórí Ìgbín àti páìpù Ìkookò.

Ní ìlú àwọn ẹranko, Ìkookò ló ń yọ́ bàbà. Èédú ló ń kó sínú iná tọ̀sán tòru, èéfín rẹ̀ á máa rú tùù, á máa ta gbogbo ìlú nímú. Erin ọba ní kó fi páìpù páánù gbé èéfín náà lọ sókè. Ojú ò rí èéfín mọ́, inú ìlú dùn.

Òjò àkọ́rọ̀ dé, ṣàà! Ìgbín jáde láti mu ún, bí ìran rẹ̀ ti máa ń ṣe. Òjò náà ń rùn bí èéfín, ó sì kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Nígbà tó dá, ewé kókò ti jó, ìkarahun Ìgbín sì rí hàràhàrà. Bẹ́ẹ̀ Ìgbín ò nílé méjì. Ó wọ́ lọ sí ààfin, oṣù kan gbáko ló fi rìn ín. Ó dé ibẹ̀, ó kọrin:

Erin ọba, ẹ bá mi pè é o,
*Òjò ń jẹlé.*
Kí Ìkookò bu iná rẹ̀ kù o,
*Òjò ń jẹlé.*
Èéfín tó gòkè kò mà lọ o,
*Òjò ń jẹlé.*
Ilé kan ṣoṣo ni mo ní o,
*Òjò ń jẹlé.*

Erin ní, "Ìyá Ìgbín, a ti gbọ́. Páìpù náà ló kúrú." Wọ́n so òmíràn lé e.

"Kábíyèsí, iná ni mo sọ, èmi ò sọ páìpù."

Ó wọ́ padà sílé.

Òjò tún rọ̀, ṣàà! Ẹja kú sódò, ìkarahun Ìgbín di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó tún wọ́ lọ, ó tún kọrin. (Ẹ gbè é!) Ìkookò ń rẹ́rìn-ín: "Ìyá, ṣé èéfín wọlé yín ni?"

"Òjò ló wọlé mi, ìwọ ọmọ yìí."

Wọ́n so páìpù kẹta. Ọ̀rọ̀ náà sú Ìgbín títí ó fi ń dá sọ̀rọ̀ lọ́nà.

Òjò kẹta rọ̀, ó dá ihò sí ìkarahun Ìgbín. Ó wọ́ dé ààfin, ó bá òrùlé tó ń jò lé Erin lórí. Kó tó la ẹnu kọrin, Erin ní, "Páìpù kẹrin ti ń lọ." Ìkookò sì ti gun òkè láti so ó. Àṣé òjò ti jẹ àwọn páìpù tó wà níbẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́lẹ́ bí abala ìwé. Gbàgàdà! Òun àti páìpù já lu iná. Iná kú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Ìkookò rọ, ó ń tiro títí dòní.

Erin wo Ìgbín. "Ìyá, kí lẹ ní ká ṣe lọ́jọ́sí?"

Ìgbín fà sínú ilé rẹ̀ tó ti lu, ó sì tilẹ̀kùn.

Òjò padà dùn ní mímu, ṣùgbọ́n ìdí ìkarahun Ìgbín tó bó funfun kò padà mọ́. Ẹ wo ìgbín tẹ́ ẹ bá pàdé lọ́la, ẹ ó rí i.

Ibi tí mo bá a dé nìyí. Ohun tó kọ́ wa ni pé ẹni tó tutọ́ sókè, ojú rẹ̀ ni yóò fi gbà á. Ẹni tí kò tutọ́ rárá ni itọ́ náà sì máa ń kọ́kọ́ bà.