Ìbọ̀wọ́ Àwọn Obìnrin Oníkaṣú

Rábíátù ń fọ́ kaṣú ní iléeṣẹ́ kan lẹ́yìn ìlú Ìwó. Epo èèpo kaṣú ti bó òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ yánnayànna. Wọ́n bèèrè ìbọ̀wọ́ títí, ọ̀gá kò dáhùn, ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá daṣẹ́ sílẹ̀. Dọ́káàsì, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ni alága. Rábíátù ni igbákejì.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀gá pe Rábíátù nìkan.

"Ìyáàfin, màá kọ́ mọ́ṣáláṣí fún yín. Kí ẹ̀yin Mùsùlùmí ṣáà padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣé onígbàgbọ́ ló yẹ kó máa darí yín ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Rábíátù lára, torí ọdún mẹ́fà ló ti ń kírun lórí àpò lẹ́yìn ilé ìdáná iléeṣẹ́ náà. Síbẹ̀, ó na ọwọ́ bíbó rẹ̀ jáde.

"Ọ̀gá, epo kaṣú kò bi mí léèrè ẹ̀sìn mi kó tó bó mi lọ́wọ́. Ìbọ̀wọ́ la wí."

Ó lọ ròyìn fún ẹgbẹ́. Dọ́káàsì dì mọ́ ọn.

"Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́!"

Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn onígbàgbọ́ ló ṣọ́ géètì iléeṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé ṣiṣẹ́, títí àwọn Mùsùlùmí fi kírun tán. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn Mùsùlùmí ṣọ́ ọ, àwọn Dọ́káàsì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá kò rí àyè gbà wọlé sáàárín wọn. Ọjọ́ Ajé ni páálí ìbọ̀wọ́ dé.

Nílé, ìyá ọkọ Rábíátù bi í pé, "Ìyàwó, ta ló borí ọ̀gá yín? Ṣé àwa Mùsùlùmí ni àbí àwọn onígbàgbọ́?"

Rábíátù gbórí sókè.

"Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni, Màámi."