Òkè Tí Olùkọ́ Adéwùsì Mọ

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, Olùkọ́ Adéwùsì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń fi amọ̀ mọ òkè kékeré kan fún kíláàsì kẹ́mísírì rẹ̀.

"Adúnọlá," ó ké sí ìyàwó rẹ̀, "má fi gbogbo ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn fọ ìgbín o. Òkè mi máa mu nínú ẹ̀."

Kaun àti osùn ni yóò bù sí ẹnu òkè náà lọ́jọ́ Ajé. Bí ó bá ti da omi ọsàn sí i, yóò hó pupa, bí àwọn òkè ilẹ̀ òkèèrè tí ń pọ iná. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹnu òkè náà yíká, ó sì lọ sinmi díẹ̀. Kò jí mọ́.

Olùkọ́ ni Adúnọlá náà. Nígbà tí ó padà sẹ́nu iṣẹ́, kíláàsì ọkọ rẹ̀ ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ó tọ́jú òkè náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù kíláàsì. Ọyẹ́ ti dé, kò sì fẹ́ kí ibi tí àmì àtàǹpàkò ọkọ rẹ̀ wà sán. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni ó ń rẹ àkísà sómi, tí ó ń fi wé e. Ó rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò lè fi í sílẹ̀.

"Mà, ẹ jẹ́ kí òkè Ọ̀gá hó," ni àwọn ọmọ ń bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ lọ kà á nínú ìwé."

"Òkè tí wọ́n wé lórí bí ẹni tí ibà ń ṣe," Làmídì sọ láti ẹ̀yìn kíláàsì, "ṣé ìyẹn ló máa hó?"

Ẹ̀rín sọ. Ìbídùn kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde.

"Ẹ má bínú, mà. Ọ̀gá ló ṣèlérí fún wa."

Adúnọlá gbé òkè náà sórí tábìlì. "Ó dáa. Ẹ wá wo àmì ọwọ́ Ọ̀gá yín, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ fẹ́ bà jẹ́."

Ó ṣí àkísà. Ẹnu òkè ń dán bí ikùn ìkòkò. Kò sí àmì ìka kankan níbẹ̀ mọ́. Àkísà tí ó fi ń tọ́jú rẹ̀ ló ti nù ún nù.

Ó gbé àkísà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Làmídì," ó wí níkẹyìn, "gún kaun àti osùn wá. Ta ló ní ọsàn wẹ́wẹ́?"

Ìbídùn na mẹ́ta sí i. Ojoojúmọ́ ló ti ń mú wọn bọ̀.

Òkè náà hó, ó ru pupa sọ̀kalẹ̀. "Yéè! Ọ̀gá ò purọ́!" Làmídì pariwo. Nígbà tí ìfófòó rọlẹ̀, òkè ti rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì wó. Adúnọlá mú àkísà náà, ó fi nu tábìlì.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà olùkọ́ ilé ìwé náà fi ń pa á lówe pé: òkè amọ̀ tí a kò jẹ́ kó hó, amọ̀ lásán ni.