Ìwọ̀n Ilé Kan, Ọmọ Ilé Méjì

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá jókòó tì mí. Ẹ súnmọ́ mi dáadáa, ẹní yìí gba gbogbo wa. Àyọ̀ká, ìwọ náà máa bọ̀. Má dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí mọ́tò."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pè wọ́n lọ́jọ́ tí àwọn àna wa wá bá mi nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé. Oyèdìran, ọkọ Àyọ̀ká, wà níbẹ̀, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, àti àbúrò bàbá wọn obìnrin, ìyá kan tí kì í pariwo. Wọ́n jẹun, wọ́n mu omi, òjò sì bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn sí òjò náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tí òjò bá ká mọ́ ilé mi, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀.

Àyọ̀ká ọmọ ọmọ mi ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ́dọ̀ mi nígbà náà. Ó di ẹrù rẹ̀ wá pátápátá, kò ṣẹ́ku ṣíbí kan. Ọjọ́ tó dé, ìbéèrè mẹ́ta péré ni mo bi í. Ṣé ó nà ọ́? Ó ní rárá. Ṣé ó fi ebi pa ọ́? Ó ní rárá. Ṣé ó ní obìnrin mìíràn? Ó ní rárá. Ká ní ó ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ẹyọ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, mi ò bá ti tilẹ̀kùn mọ́ àwọn àlejò yìí, òjò ì báà pa wọ́n.

Mo ní, "Kí ló wá ṣe, ọmọ mi?"

Ó ní, "Ìyá, kò kà mí sí. Iṣẹ́ olùkọ́ tí mo ti ń wá láti ọdún méjì, mo rí i. Mo sáré wálé, mo sọ fún un. Ó ní, 'Ó dáa.' Ó dáa péré, Ìyá! Ó gbé òòlù rẹ̀, ó jáde. Títí ilẹ̀ fi ṣú ló ń kan nǹkan lẹ́yìnkùlé. Èmi nìkan ni mò ń bá ara mi yọ̀ nínú yàrá."

Iṣẹ́ káfíńtà ni Oyèdìran ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ní ilé tiwa, bí ẹnì kan bá ra abẹ́rẹ́, gbogbo wa la máa jó. Ẹ wá wo bí "Ó dáa" yóò ṣe dún létí ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí gbogbo wọn jókòó tán, ẹ̀gbọ́n ọkọ gbá fìlà mú, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Mo ní, "Àna mi, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan wé nǹkan kan fún yín ná."

Ọkùnrin kan wà. Télọ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ń gbé ní Ìgbẹ́tì lábẹ́ òkè, ẹsẹ̀ sì ti ń dùn ún. Ọkùnrin yìí ṣèlérí fún un pé kí ọyẹ́ tó dé, òun yóò fi mọ́tò ara òun gbé e wá sọ́dọ̀ òun. Ló bá ra mọ́tò tòkunbọ̀ kan, ó pupa, ó rẹwà, ó sún mọ́lẹ̀ bí ológbò tó fẹ́ fò mọ́ eku.

Ẹ́ńjìnnì mọ́tò yẹn kì í ṣe irú èyí tí ẹ mọ̀. Nínú èyí tí ẹ mọ̀, písítìnnì ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, bí ọmọ odó. Nínú tirẹ̀, yíyí ni wọ́n ń yí. Irin onígun mẹ́ta méjì ló wà níbẹ̀, rótọ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lórí ọ̀pá kan ṣoṣo, kálukú nínú yàrá tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń yí, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ àti epo mọ́ra, wọ́n á fún un mọ́ ògiri títí yóò fi há, iná á ràn án, mọ́tò á sáré. Fífún yẹn ni gbogbo agbára. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò lára rótọ̀, agbára tán nìyẹn.

Mọ́tò télọ̀ yìí, bó bá rọra ń rìn, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fẹ́ sáré, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Dígí á gbọ̀n, ìjókòó á gbọ̀n, eyín ọkùnrin náà á máa lu ara wọn lẹ́nu. Báwo lèèyàn ṣe máa gbé ìyá tí ẹsẹ̀ ń dùn sínú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Ìyẹn ki géèjì, irin tí wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe há tó, bọ ihò púlọ́ọ̀gì, ó wọn èyí tó wà níwájú, ó wọn èyí tó wà lẹ́yìn. Ti iwájú ga, ti ẹ̀yìn kò ga tó o. Ó ní, "Èyí tó wà lẹ́yìn ti kú. Ká yọ ọ́ dànù." Télọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ ìkejì. Ìyẹn ní ti iwájú ló le jù, òun ló ń da èkejì láàmú. Ẹ̀kẹta ní kó tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, kó lọ sinmi.

Ọkùnrin náà délé, kò lè jẹun. Ní ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ránṣẹ́ sí i láti Ìgbẹ́tì pé, "Ìyá rẹ ti di ẹrù. Àràárọ̀ ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. A ní kó tú u, ó ní ọmọ òun ti sọ̀rọ̀."

Kò tà á. Ó ní kí wọ́n wọ́ mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì àgbà kan tó wà lẹ́yìn ilé epo.

Ibẹ̀ ni mo dé tí Mopélọ́lá, ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, fi pariwo pé, "Bàbá Àgbà ni! Bàbá Àgbà wa ni!"

Mo ní, "Dákẹ́. Nínú irú ìtàn báyìí, èèyàn kì í lórúkọ."

Ó ní, "Ìyàwó mẹkáníìkì náà ńkọ́?"

Mo ní, "Ìyàwó rẹ̀ rẹwà púpọ̀. Òun ló máa ń bá a yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò bó bá fẹ́ tẹ́tí."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, títí kan ìyá tí kì í pariwo. Àyọ̀ká nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ẹní.

Mẹkáníìkì àgbà yìí mú géèjì lọ́wọ́, ó ní, "Nǹkan yìí, èyí tó ga jù nìkan ló máa ń rántí. Rótọ̀ sì lójú mẹ́ta. Bí ojú kan bá lágbára, tí méjì bá ti bàjẹ́, géèjì á ṣì sọ pé ó dára. Etí ló ń gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Ó tẹ ẹnu géèjì kó má bàa há afẹ́fẹ́ mọ́, ó gbé etí sílẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, yí i."

Ìyàwó yí i. Ti iwájú ń dún púù, púù, púù. Wọ́n gbé géèjì sẹ́yìn, ìyàwó tún yí i. Ti ẹ̀yìn ń dún fùù, fùù, fùù. Ó ní kó tún yí i. Ó tẹ́tí títí bátìrì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Lẹ́yìn náà ló nara dìde, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Èyí kò ṣàìsàn."

Télọ̀ ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò gbọ́ bó ṣe rọlẹ̀ ni?"

"Mo gbọ́. Rírọlẹ̀ kọ́ ni àìsàn. Ká ní ó ń ṣàìsàn ni, ọ̀kan nínú mẹ́ta á fà sẹ́yìn. Á ṣe fùù, fùù, á wá ṣe fì. Èyí ò yẹsẹ̀. Bó ṣe ṣe é lẹ́ẹ̀kíní ló ṣe é nígbà ogún."

Ó tú ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀. Ọjọ́ méjì ló fi tú u. Ó fi epo fọ rótọ̀ méjèèjì, ó sì rí lẹ́tà tí àwọn tó ṣe wọ́n tẹ̀ sí wọn lára. Lẹ́tà ti èyí yàtọ̀ sí ti ìyẹn. Ojú kọ̀ọ̀kan rótọ̀ ní ihò tí wọ́n gbẹ́ bí àwo, ti èyí tó wà lẹ́yìn sì jìn ju ti iwájú lọ. Nítorí pé inú rẹ̀ jìn, afẹ́fẹ́ ní àyè níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi pariwo. Wọ́n yá òṣùwọ̀n obìnrin tó ń ta kaṣú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Wọ́n wọ̀n wọ́n. Ọ̀kan wúwo ju èkejì lọ.

Ó wá yé e. Ẹnì kan tó ní ẹ́ńjìnnì méjì tó ti bàjẹ́ ló mú rótọ̀ tó dára nínú èyí, ó mú èyí tó dára nínú ìyẹn, ó so wọ́n pọ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń gbé ìyàwó? Ọmọ dáadáa kan láti ilé yìí, ọmọ dáadáa kan láti ilé ọ̀hún.

Ṣùgbọ́n ní orí ọ̀pá àti ní ìdí rẹ̀, irin ìwọ̀n kan máa ń wà, kan níwájú, kan lẹ́yìn, tí wọ́n ń ṣe kó bá rótọ̀ mu, kí yíyí má bàa di gbígbọ̀n. Ẹni yẹn kó irin ìwọ̀n méjèèjì láti inú ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo. Ìwọ̀n ilé kan ló fi wọn ọmọ ilé méjì. Mẹkáníìkì mẹ́ta ń wá èyí tó burú nínú méjì tó dára. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí wọ́n fi wọ̀n wọ́n.

Bàbá yẹn kò ju ìkankan dànù. Ó kó rótọ̀, ọ̀pá àti irin ìwọ̀n, ó gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gé irin ní Ìbàdàn. Wọ́n yí wọn pọ̀ lójú kan, wọ́n lu ihò díẹ̀ síhìn-ín, wọ́n ha díẹ̀ lọ́hùn-ún, títí ìwọ̀n náà fi di ìwọ̀n àwọn méjèèjì. Nígbà tó tò ó padà, ọ̀kan ṣì ń dún púù, ọ̀kan ṣì ń dún fùù. Kò sọ wọ́n di bákan náà o. Gbígbọ̀n ló lọ.

Kí ọyẹ́ tó dé, télọ̀ lọ sí Ìgbẹ́tì. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù. Ó gbé e sínú mọ́tò, ó di ilẹ̀kùn. Wọ́n ti jìnnà sí ìlú kí ìyá tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ìgbà wo la máa gbéra?"

Mo wá yíjú sí ọmọ mi. Mo ní, "Àyọ̀ká, ariwo la fi ń yọ̀ nílé wa. Ìwọ̀n tá a gbé lé ọ lọ́wọ́ nìyẹn, mo mọ̀, èmi gan-an ni mo gbé e lé ọ lọ́wọ́. O wá ń fi wọn ọmọ ilé tí wọn kì í pariwo, o ní ó rọlẹ̀. Mo bi ọ́, ǹjẹ́ ó yẹsẹ̀ rí? Lọ́jọ́ tí ibà dá ọ dùbúlẹ̀ ńkọ́?"

Ó ní, "Kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

"Lọ́jọ́ kejì?"

"Kò kúrò."

"Ìwọ Oyèdìran, ọkọ mi, má rẹ́rìn-ín, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Ẹni tí wọ́n fi ariwo tọ́, bí o bá dákẹ́ mọ́ ọn lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀, o ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nìyẹn. Ìwọ náà ń fi ìwọ̀n ilé yín wọ̀n ọ́n. Kò sí ẹni tó burú nínú yín. Ẹ jọ gbẹ́ ìwọ̀n tiyín. Wọn kì í tà á lọ́jà."

Òjò ń lu páànù. Àyọ̀ká gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń kàn lọ́jọ́ yẹn?"

Oyèdìran la ẹnu, ó pa á dé. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. A dúró, dúró, dúró.

Mopélọ́lá ní, "Ìyá, àbí bátìrì wọn ti kú ni?"

Ẹ̀rín pa wá. Inú ẹ̀rín yẹn ni ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀. "Tábìlì ni. Èyí tí wàá máa gbé ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ lé. Mo fẹ́ parí rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo fi máa parí rẹ̀, o ti lọ."

Ìyá tí kì í pariwo ní, "Àárín yàrá ló wà títí di òní. Ẹ̀gbẹ́ ògiri là ń gbà kọjá. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ó dìgbà tí ẹni tó ni ín bá dé."

Àyọ̀ká fi etí aṣọ bojú. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"O ò bi mí."

Mo ní, "Ẹ gbọ́ o! Púù àti fùù!"

Òjò dá. Àwọn àlejò dìde pé àwọn ń lọ. Mo ní ẹ jẹ́ kí n sọ bí mẹkáníìkì àgbà ṣe fẹ́ ìyàwó rẹ̀ arẹwà fún yín, wọ́n tún jókòó. Wọ́n tún dìde, mo tún rántí òmíràn. Wọ́n ní ọ̀nà ti tutù jù, àwọn á sùn. Èmi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ló dá wọn dúró. Mopélọ́lá ti sùn sórí itan Àyọ̀ká, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jí i.

Nígbà tí ojúmọ́ mọ́, wọ́n lọ nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín. Ẹ̀gbọ́n ru àpótí, ìyá gbé ìkòkò, Oyèdìran gbé èyí tó wúwo jù. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé igi ìrókò, ó sì fi gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún un pariwo láàárín àdúgbò:

"Àyọ̀ká! Inú mi dùn pé o ríṣẹ́!"

Fèrèsé mẹ́ta ṣí lójú kan náà. Ajá alájọgbé wa gbó. Ọmọ mi, ọmọ ilé aláriwo, dúró síbẹ̀, ó ń wò ó, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ẹrù kan lé orí. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ.

Ó ní, "Ó dáa."

Wọ́n sì gba ọ̀nà ilé wọn lọ.